Ahun Tí Ìyá Bàbá Mi Ń Pè Ní Ọkọ

Bí ọyẹ́ bá ti mú, ohùn ìyá bàbá mi ni mo máa ń rántí: "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ojú yín."

Ahun ló ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti wà ní agboolé wa ní Ìlódè kí wọ́n tó gbé Ìyá níyàwó wọlé, nítorí náà ọkọ ló ń pè é. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí i. Àwa ọmọ ilé a máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọdún méjì kí a gba òmìnira, nínú ọyẹ́, ojú ahun náà wú, ó lẹ̀ pọ̀, kò sì jẹun mọ́. Ìyá ń gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń fi òwú nu ojú rẹ̀, ó ń fi ìbẹ́pẹ pípọ́n kàn án lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọrùn rẹ̀ dẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá, kò sì fà á wọlé mọ́.

Bàbá mi ní, "Ẹ má sunkún, màá ra òmíràn fún yín."

Ìyá dá a lóhùn pé:

"Òmíràn tí o bá rà, èmi ni yóò wá bá. Gbogbo ẹni tí mo bá nílé yìí ti lọ tán. Ta ni mo tún fẹ́ kúnlẹ̀ kí láàárọ̀?"