Etí Òsì Mi Lásìkò Igogo

Fóònù ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Àbúrò mi pè mí láti Ìpele, mo gbé e sí etí òsì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo gbé e sí etí ọ̀tún, ohùn rẹ̀ já gaara: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ń bú báyìí?" Etí mi ni kò gbọ́, kì í ṣe fóònù.

Ìlú Ọ̀wọ̀ ń ṣe ọdún Igogo lọ́wọ́. Lásìkò náà a kì í lùlù, agogo là ń lù, obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Èmi sì ti wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, olórí kunkun tí mo jẹ́. Ìyá mi tí a jọ ń gbé kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ etí náà tán.

"Èèwọ̀ lo jẹ. Tí Igogo bá parí, a ó bẹ àwọn àgbà, etí yẹn á ṣí."

Mo jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo sì dúró. Etí náà ń hó yee bí omi orí iná. Tí mo bá dìde, ilẹ̀ á máa yí. Ọjọ́ tí mo ṣubú níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì ni mo tó gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà yẹ etí mi wò: kò sí ìdọ̀tí, awọ inú rẹ̀ kò sì lu. Ó ní ara iṣan tó ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ ni kí a ti wá wàhálà náà. Ó fún mi lóògùn tó ń mú wíwú lọlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orí mi. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, apá kan ṣoṣo ni mo sì ti ń gbọ́ ọ. Mo sunkún nínú rẹ̀, n kò lè nu ojú, nítorí wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ mira.

Dídúró de èsì le ju àìsàn lọ. Ìyá mi jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

Kókó ni wọ́n rí lórí iṣan náà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, yóò máa ti ọpọlọ. Ìyá mi ló kọ́kọ́ lanu.

"Dókítà, ṣé dídúró tí mo ní kó dúró ló fà á?"

"Rárá, Mà. Ó ti ń dàgbà níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n etí tó bá dí lójijì, ẹ má fi í dọ̀la."

Ìbàdàn ni wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Ojú mi wọ́ sápá kan fúngbà díẹ̀, mo sì tún ìrìn kọ́ bí ọmọdé. Ẹ̀mí yè, etí òsì lọ. Mo bínú sí ara yìí pẹ́ kí n tó rí i pé òun náà ló gbé mi padà wálé. Mo dúpẹ́.

Igogo tún dé. Èmi fúnra mi ni mo tú gèlè mi. Mo gbọ́ agogo lójú títì, ṣùgbọ́n etí kan kì í mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀, mo kàn ń wò kiri. Ìyá mi kúrò lápá òsì mi, ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì nà án síbi tí agogo ti ń bọ̀.