Ọwọ́ Ọ̀tún Àga Gbọọrọ

Láti inú oyún ni kòkòrò éèdì ti wọ ara ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan. Ìyá rẹ̀ ni ó máa ń mú un lọ gba oògùn ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn. Orí àga gbọọrọ kan lẹ́bàá ògiri ni tìyá-tọmọ máa ń jókòó sí, ìyá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ lọ́wọ́ òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì rọ̀ dirodiro láìkanlẹ̀. Ìyá papò dà kí ọmọ tó pààrọ̀ eyín. Ọmọ kò kúrò lọ́wọ́ òsì.

Ó dàgbà, ó gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, irùngbọ̀n hù. Wọ́n ní kí ó kọjá sí ẹ̀ka àwọn àgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ. Oògùn inú ike rẹ̀ sì ti ń lọ sópin.

"Bàbá Kékeré," ni nọ́ọ̀sì àgbà ẹ̀ka àwọn ọmọdé wí. Orúkọ tí ó ti ń pè é nìyẹn láti ìgbà tí kò tíì mọ imú nù. "Orúnkún rẹ ti ń bá àgbọ̀n rẹ sọ̀rọ̀ lórí àga yìí. Ṣé o fẹ́ máa bá ọmọ jòjòló du àyè ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Wọn ò mọ̀ mí lọ́hùn-ún."

"Ṣé àwa náà mọ̀ ọ́ kí o tó dé ni? Ọ̀hún ni oògùn rẹ wà. Àga yìí gan-an, ikán ti jẹ ẹ́, a fẹ́ dà á nù."

Ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Ọwọ́ ọ̀tún àga yẹn nìkan ni ó kù láyé tí ó lè fọwọ́ kàn, kí ó ní ìyá òun nìyí.

"Ẹ fún mi, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Gbé e. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ gbọ́ pé oògùn tán lọ́wọ́ rẹ o."

Ní ìsọ̀ rẹ̀, ó rí i pé ikán ti jẹ apá òsì tán, ọ̀tún sì le koko. Ó fá a títí ó fi dán, ó kan pákó tuntun mọ́ ọn, ó ṣe ẹsẹ̀ gíga sí i. Kí oògùn tó tán, ó rù ú wọ ẹ̀ka àwọn àgbà, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń nàró fún àìsí ìjókòó.

"Káfíńtà, ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?" ni akọ̀wé ibẹ̀ bi í.

"Oògùn lèmi náà wá gbà, sà."

Ó jókòó lọ́wọ́ òsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, ẹnì kan wà níbí ni?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi àtijọ́ náà díẹ̀. "Ó ti wà rí, mà. Ẹ jókòó."

Nígbà tí èjìká obìnrin náà kan tirẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yíjú wéré, bí ẹni tí yóò rí ojú tí ó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é, ó sì dìde lọ gba oògùn rẹ̀.