Ẹ̀yìn Tí Wọ́n Fi Irin Dè, Tí Wọ́n sì Gbàgbé

Bàbá Rọra ti kú. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó ń gòkè lọ síbi tí wọ́n fẹ́ ti sọ fún un pé ara rẹ̀ le. Ọjọ́ kejì ló dákẹ́. Nínú ìwé wọn, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ara rẹ̀ ṣì le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí àwọn tó yẹ kó sọ ọ́ ṣì ń wá fáìlì.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi gbé aláìsàn nílé ìwòsàn yẹn kan náà. Láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́, láti orí kẹ̀kẹ́ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, láti ibẹ̀ padà sórí ibùsùn. “Rọra, rọra” ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ó gbé èmi náà rí. Lọ́dún tí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kán, mò ń ké bí ẹni tí iná ń jó, ó ki apá kan bọ abẹ́ ẹ̀yìn mi, ó ní, “Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, ẹ rọra ké. Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín rò pé àwọn làìsàn àwọn le jù níbí, ẹ ti fẹ́ gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti wà lórí ibùsùn kejì. Mi ò mọ ìgbà tó gbé mi.

Ta ló ń gbé ẹni tí ń gbé gbogbo ayé? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ fún un. Eegun méjì nísàlẹ̀ ń lọ ara wọn bí ọlọ àti ọmọ ọlọ. Ilé ìwòsàn fi irin méjì àti ìṣó oníyíyí mẹ́rin dè wọ́n pọ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ò ní yẹ̀ mọ́. Ohun tí wọn ò sọ ni pé ibẹ̀ ò ní tẹ̀ mọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà gbé àwòrán eegun síbi iná, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì.

“Bàbá, ẹ wo bó ṣe gún! Ẹ wo ìṣó kẹta yẹn!”

Bàbá Rọra wò ó títí. “Dókítà, ó rẹwà lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè bá mi relé kó máa bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀?”

Dókítà rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ti ilẹ̀: kọ́kọ́rọ́, síbí, ìdajì búrẹ́dì. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, Ìyá Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí téèpù tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òun ló so irin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ mọ́ orí igi gígùn kan, kí Bàbá lè máa fi fa ṣòkòtò sókè. Láàárọ̀ kan, Bàbá na igi, ó fà, aṣọ fèrèsé ló tẹ̀ lé e wá.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nílé rẹ̀,” Ìyá Téèpù sọ fún mi, “n ò mọ bí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gé èékánná ni mo tó rí ọ̀kan tó fara ti èkejì, bí ẹni tó ń yọ́ gbọ́rọ̀.”

Kò lè jókòó ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìdúró ló ń jẹun, ìdúró ló ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àlejò tó bá wá kí i á rò pé onílé ń fọgbọ́n lé òun ni, á dìde, á dágbére, Bàbá Rọra á sì máa bẹ̀ ẹ́ kó padà jókòó.

Wọ́n ní kó máa lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń na ara lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà lọ bímọ. Ọmọ yẹn ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, wọn ò tíì rí ẹni tó máa dípò ìyá rẹ̀. Àwọn ibùsùn tó ti kán ni wọ́n kó sínú yàrá rẹ̀. Wọ́n wá fún Bàbá Rọra ní ìwé kan tí wọ́n ya ọkùnrin kan sí, tó dùbúlẹ̀, tó ká orúnkún. Ẹ̀rọ tó tẹ ìwé náà ti gbó débi pé ọkùnrin inú rẹ̀ kò lórí.

“Nọ́ọ̀sì,” ó béèrè, “ẹni yìí, ṣé ẹ̀yin náà lẹ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni?”

Àjà kẹta ni wọ́n ti ń rí àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí lífítì ti bàjẹ́. Yàrá ọ̀gá àgbà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ṣé ẹ̀yìn ń dun ọ̀gá àgbà ni? Béèyàn bá sì gòkè dé ọ̀hún, bẹ́ǹṣì tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì ló ń dúró dè é. Ta ló jókòó, tó ronú, tó wá rí i pé bẹ́ǹṣì ló yẹ ẹlẹ́yìn dídùn?

Nígbà àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí gbé e gòkè tòun tàga. Ó ń kọ́ wọn níṣẹ́ lórí ara rẹ̀: “Rọra! Orúnkún ni kó o tẹ̀, má tẹ ẹ̀yìn. Àbí o fẹ́ dà bí èmi ni?” Ọ̀gá wọn rí wọn, ó ní aláìsàn tó bá lè sọ̀rọ̀ tó báyẹn lè rìn. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń gòkè.

Kí ló ń gòkè lọ ṣe? Ó ń lọ dáhùn ìbéèrè. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, akọ̀wé kan á gbé fọ́ọ̀mù jáde láti mọ bí ayé ṣe rí fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

“Bàbá, ṣé ẹ lè jókòó fún wákàtí kan?”

“Rárá.”

“Ṣé ẹ lè rìn dé títì?”

“Tí títì bá wá pàdé mi lọ́nà.”

Akọ̀wé gbóhùn sókè kí ariwo má bò ó mọ́lẹ̀. “Ìbálòpọ̀ ńkọ́?”

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú síbẹ̀. Ìyá Téèpù fi báàgì bojú.

“Kọ ọ́ síbẹ̀,” Bàbá Rọra dáhùn, “pé a ṣì ń kí ara wa láràárọ̀.”

Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀yìn fi ń dùn wọ́n sí i. Akọ̀wé kọ “dáadáa”. Mo ti rí fọ́ọ̀mù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Dáadáa, dáadáa, dáadáa, láti òkè délẹ̀. Ẹni tí kò lè wọ ìbọ̀sẹ̀!

Lọ́dún tó kọjá, ó sọ fún wọn pé nǹkan ń dún kọ́ lẹ́yìn òun tóun bá yí padà lórí ibùsùn, pé ẹsẹ̀ òsì òun ti ń kú, iwájú rẹ̀ kì í gbé sókè mọ́. Dókítà tuntun kan ṣí fáìlì, ó yọ àwòrán eegun. Àwòrán ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn náà ni!

“Ó gún dáadáa, Bàbá. Ọjọ́ orí ló ń dà yín láàmú.”

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. “Dókítà,” ó ní, “ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́? Ọjọ́ kan náà nìyá mi bí àwọn méjèèjì.”

Wọ́n fún un ní oògùn ara ríro, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Lórí àtẹ̀gùn kẹtàdínlógún, iwájú ẹsẹ̀ òsì kò gbé sókè. Ó ṣubú sẹ́yìn, ó forí gbálẹ̀. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ náà ló sáré wá gbé e. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé omi ń bọ́ lójú àwọn, àwọn sì ń sọ fún ara àwọn pé “rọra”. Bàbá la ojú, ó wo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí, ó ní, “Ẹ gbé mi dáadáa.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó ya àwòrán eegun tuntun. Ọmọbìnrin rẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ni ní ìṣirò, gbé e sí fèrèsé, ó kà á: ìṣó mẹ́rin, méjì ti kán. Ẹni tó ya àwòrán náà rọra sọ fún un pé kíkán ọ̀hún ti pẹ́.

Ọ̀gá àgbà wá kí wọn nílé, òun àti ènìyàn mẹ́rin àti ayàwòrán kan. Ó ní Bàbá Rọra jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ribiribi àwọn. Tíṣà bi í pé ta ló ni ẹ̀bi.

“A ti gbé ìgbìmọ̀ dìde, ọmọ mi.”

“Ta ni alága rẹ̀, sà?”

“Ìgbìmọ̀ kan ń jókòó lórí ẹni tó máa jẹ́ alága.”

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, Ìyá Téèpù gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá àgbà. Kò ké, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ń ránṣọ. Ẹ̀ṣọ́ béèrè pé, “Mà, kí lẹ ń dúró dè?” Ó ní, “Orúkọ.” Ní ọjọ́ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ iṣẹ́ wọn tó ti ya wá bá a. Lánàá, ènìyàn mọ́kànlá ló tò síwájú rẹ̀, ọ̀gá àgbà sì ní láti bẹ̀ wọ́n kó tó ráyè wọlé.

Ọ̀gá àgbà, ẹ má wulẹ̀ bá wọn kẹ́dùn mọ́. Ẹ sọ orúkọ ẹni tí lífítì wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó fi àwòrán àtijọ́ dá ẹsẹ̀ tó ń kú lóhùn. Ẹ sọ ọjọ́ tí obìnrin tí ń kọ́ni bí a ṣe ń na ara máa ní arọ́pò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jáde wá kà á fún opó tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yín. Bẹ́ ẹ bá sì ń rò pé ó máa tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí n sọ fún yín pé òwú pọ̀ lọ́wọ́ òun.