Aunty Salimat Béèrè Orúkọ, Wọ́n Gba Kíláàsì Lọ́wọ́ Rẹ̀

Aunty Salimat kú ní Jímọ́ọ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, ní Austell, ìlú wa ní Georgia l'Amẹ́ríkà níbí, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ ì bá rí bí wọ́n ṣe yìn ín níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Alhaji Saubana, alága ìgbìmọ̀ mọ́sáláàṣí wa, ní ìyá àwọn ọmọ wa ni. Ìyá tí ẹ gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì ni, ọdún mọ́kànlá ló sì fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéwú ní gbogbo Sunday. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí la ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ọmọ tó bá ka súrà dáadáa á gba chin-chin. Èyí tó bá ṣì í kà náà á gbà. Ó ní ebi ò mọ̀wé. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ kan sọ fún un pé òun ò fẹ́ wọ ọkọ̀ Uncle tó ń gbé wọn relé lẹ́yìn kéwú mọ́, nítorí ohun tí Uncle ń fi ọwọ́ ṣe sí òun. Òfin Georgia ò fi irú èyí sílẹ̀ fún ìpàdé ẹbí: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé, tó sì fura pé wọ́n ń bá ọmọ ṣèṣekúṣe, gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Aunty ò jẹ́ kó pé wákàtí kan. Àwọn ìjọba bi í pé kí lorúkọ ọkùnrin náà. Ó bi ìgbìmọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin náà ti ń gbé ọmọ wa relé, Uncle White Van nìkan la mọ̀ ọ́n sí. Èmi náà ti kí i láìmọye ìgbà, n ò bi í léèrè rí.

Aunty wá tẹ fọ́ọ̀mù fún gbogbo ẹni tó bá ń bá àwọn ọmọ ṣe: orúkọ gidi, ìtẹ̀ka tí ìjọba á fi wádìí ẹni, àgbà méjì nínú ọkọ̀.

"Salimat, background check for what?" ni Alhaji wí ní ìpàdé. "Ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀."

"Alhaji, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń júwe ẹ̀. Òun náà ni mo ní kẹ́ ẹ fi tẹ̀ka. It's just ten minutes, sir."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di oṣù kejì, wọ́n ní kó lọ sinmi, wọ́n gba kíláàsì. Ẹ wo àánú! Ẹni tí kò sọ pé ó rẹ òun.

Ní báyìí, wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá ìdáná mọ́sáláàṣí. Òun ni ì bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí kò mọ ọbẹ̀ sè rárá. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ọkọ̀ kan kó ọmọ márùn-ún relé. Mo béèrè ẹni tó ń wà á.

"Uncle tuntun ni," Alhaji dáhùn.

Alhaji, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ n ò ní dákẹ́. Ẹ kó fọ́ọ̀mù yẹn jáde kí Sunday tó dé, kẹ́yin gan-an kọ́kọ́ tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró níwájú àwọn òbí kẹ́ ẹ dáhùn èyí: lẹ́yìn ìjọba, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ nìkan ni Aunty bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó béèrè orúkọ Uncle White Van. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin náà ti kó kúrò nílé, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Ta ni nínú yín ló kìlọ̀ fún un?