Ẹ̀yìn Ìwé Susannah Bọ́dúnrìn

Àwọn tó bá Susannah Bọ́dúnrìn ṣeré ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin nígbà èwe sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó bá rí i lọ́dún 1986, tó ń pariwo ìwé kà láàárín àwọn obìnrin tó ń dirun l'Ókè-Ajé, kò ní gbà wọ́n gbọ́.

Tísà ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn. Bó bá ti máàkì iṣẹ́ ọmọ tán ló máa ń kọ ọ́, báírò pupa tó fi ń máàkì náà ló sì ń lò, débi pé nígbà tó parí, gbogbo ojú ewé rẹ̀ rí bí iṣẹ́ ọmọ tó gba òdo. Ó pe ìwé náà ní *Àṣàké Di Ẹrù*. Ìtàn obìnrin kan ni tí ìyà jẹ títí nílé ọkọ. Ní orí tó gbẹ̀yìn, àwọn àgbà ẹbí wá bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Àṣàké kúnlẹ̀ kí wọn, ó tẹ́tí títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán, ó dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó lọ. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Àwọn aládùúgbò ní ìtàn ara rẹ̀ ló kọ. Gilbert ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ pósófíìsì, kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò rí i. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé ọkùnrin inú ìwé yẹn jẹun jù.

Ẹni tó gbà láti tẹ ìwé náà ni Theophilus, tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Pòrógún. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà ìjọ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò tẹ ìtàn àròsọ rí. Ìtàn Àṣàké wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan ní láti ṣáájú: olùfilọ́lẹ̀ àgbà. Láyé ìgbà yẹn, bí ìwé kan bá fẹ́ jáde ní Ìjẹ̀bú, wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á pe ènìyàn ńlá kan kó gbé ìwé náà sókè níwájú èrò, àwòrán rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn ìwé.

"Tísà, ìwé tí kò ní olùfilọ́lẹ̀, ìgbéyàwó tí kò ní alága ni," Theophilus wí. "Ta ló máa mọ̀ pé ẹ ṣe é?"

Ó lọ bá Olóyè Adébóyè, oníṣòwò sìmẹ́ńtì, àgbà ìjọ. Olóyè gbà lójú ẹsẹ̀, kò béèrè ohun tó wà nínú ìwé. Ibẹ̀ ni Theophilus ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ pé ẹni tí ìwé ìsìnkú ti mọ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè ṣe é. Nínú ìwé ìsìnkú, àwòrán olóògbé ló máa ń ṣáájú, torí pé ẹbí lè máa ṣàtúnṣe orin títí di ọjọ́ òkú, ṣùgbọ́n ojú òkú kì í yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni Theophilus ṣe kọ́kọ́ tẹ èèpo ìwé, tòun ti àwòrán Olóyè lẹ́yìn rẹ̀, kó tó kó ìyókù lọ fún olóyè kà.

Wọ́n ní olóyè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣeé ṣe. Ohun tó dájú ni pé ó ka orí tó gbẹ̀yìn. Ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìwé rẹ dùn," ó wí fún Susannah. "Mú obìnrin yẹn padà sílé ọkọ rẹ̀, ká lọ ṣe ìfilọ́lẹ̀ wa."

Susannah ní Àṣàké kò yájú sí ẹnikẹ́ni.

"Àgbà bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ṣé irú èyí ni kí n gbé sókè níwájú àwọn ọmọbìnrin ìlú?"

"Ẹ má gbé e sókè nígbà náà, sà."

Theophilus fẹsẹ̀ tẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Olóyè yọwọ́, ó sì ní òun kò gbọdọ̀ rí ojú òun lára ìwé náà. Ní gbogbo ọ̀nà ilé ni Theophilus fi ń bẹ Susannah: ojú ewé díẹ̀ péré ni, òun fúnra òun yóò tún un tò, ta ló ń ka ìparí ìwé? Susannah ní olóyè kà á.

Bébà wọ́n bí imí eégún lọ́dún náà, kò sí bí wọ́n ṣe lè tẹ èèpo mìíràn. Theophilus tẹ inú ìwé bó ṣe wà, ó fi èèpo náà dì í, Susannah sì kó wọn lọ sílé. Òun àti Gilbert gé bébà níwọ̀n àwòrán náà, wọ́n po sítáàṣì ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń lẹ bébà bo ojú olóyè lára ìwé kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé olóyè á rí èémí mí báyìí?" Gilbert béèrè.

Àwọn onísọ̀ ìwé kò gbà á. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni ẹni tó fi í lọ́lẹ̀. Susannah wá ronú ibi tí obìnrin ti máa ń jókòó tí kò lè dìde. Obìnrin tí wọ́n ti di ìdajì orí rẹ̀ kò lè lọ ibì kankan. Ó lọ bá Ràmọ́tà onídìrí l'Ókè-Ajé, ó jókòó sórí àpótí, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Bó bá ti ku orí kan, á pa ìwé dé. Ó ní èyí tó kù wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kó rà á. Wọ́n bú u dáadáa. Wọ́n ní ìkà ni, pé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ń jìyà. Ràmọ́tà náà kọ́kọ́ bínú pé ó fẹ́ lé oníbàárà òun, kó tó ṣàkíyèsí pé àwọn tó máa ń di ńláńlá tẹ́lẹ̀ ti ń ní kóun di wẹ́wẹ́, kí wọ́n lè jókòó pẹ́. Àwọn kan ń sọ pé èrò máa ń kún títí dé ojú títì. Ẹni tó bá mọ ìsọ̀ Ràmọ́tà mọ̀ pé kò gbà ju bẹ́ńṣì méjì lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ìyá Mojí, ìyàwó Olóyè Adébóyè, wá di ṣùkú. Susannah mọ̀ ọ́n bó ṣe ń wọlé. Ó lè pa ìwé dé. Ńṣe ló gbóhùn sókè sí i.

Ìdajì orí Ìyá Mojí ti di dídì nígbà tó mú ìwé kan lórí bẹ́ńṣì, tó ń fi fẹ́ ara. Oòrùn ti mú sítáàṣì náà gbẹ, igun bébà ti ká sókè. Ó fi ìlarun Ràmọ́tà tú u díẹ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ kan ń wò ó.

"Ràmọ́tà, dúró ná," ó wí. Ó yíjú sí Susannah. "Tísà, kí ni ọkọ mi ń ṣe lábẹ́ bébà?"

Olóyè ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé àkókò ìfilọ́lẹ̀ náà ni kò rọ òun lọ́rùn.

"Àwọn ni wọn ìbá fi í lọ́lẹ̀, mà. Wọ́n ní àfi kí Àṣàké padà."

"Kò padà?"

Susannah kò ka orí yẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

"Kà á," Ìyá Mojí wí.

Susannah mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ìyàwó olóyè bá pòṣé sí ìwé náà, kò sí obìnrin tó máa tún fọwọ́ kàn án l'Ókè-Ajé mọ́. Ó kà á síbẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó parí, ọwọ́ Ràmọ́tà ṣì dúró lórí irun.

"Ó kúnlẹ̀ kí wọn?" Ìyá Mojí béèrè.

"Ó kúnlẹ̀, mà."

"Ó jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán?"

"Wọ́n sọ ọ́ tán, mà."

"Kí ló wá kù tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìyá Mojí gbé orí rẹ̀ padà fún Ràmọ́tà. Nígbà tí ṣùkú parí, ó ra ìwé fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Susannah fẹ́ tẹ bébà náà padà, Ìyá Mojí ní kó bó o kúrò.

"Mo mọ ojú náà tẹ́lẹ̀," ó wí.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra ìwé tí kò fi èékánná tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìwé ti tán nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ nílé Olóyè, kò sí ará ìta tó gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ ń sọ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Àmọ́ olóyè ránṣẹ́ sí Theophilus pé òun ti ṣetán láti fi ìtẹ̀jáde kejì lọ́lẹ̀, tòun ti ìparí rẹ̀ bó ṣe wà. Theophilus fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wá sí iléèwé.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," Susannah wí. "Wọ́n ti fi í lọ́lẹ̀ ní ìsọ̀ Ràmọ́tà."

"Àwòrán ta la fẹ́ fi sẹ́yìn rẹ̀ báyìí?"

"Ẹ má fi nǹkan kan síbẹ̀."

"Kó ṣófo? Wọ́n á ní a ò lẹ́nì kankan."

"A ò ní náà."

Bó ṣe jáde nìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ìwé ni Theophilus kọ́kọ́ tẹ̀.