Ìda fún Bébà Kan Ṣoṣo

Ìyàwó mi a máa fi ìda gbígbóná ya igi àti ẹyẹ sórí bébà. Tó bá rì í sínú aró, ibi tí ìda wà kì í gba aró. Funfun ni yóò wà. Àwọn ènìyàn a máa rà á láti fi di ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Nígbà tó kú, bébà kan kù lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti fi pẹ́ńsù ya àwọn ẹyẹ sí i, kò tíì fi ìda kàn án. Mo fẹ́ parí rẹ̀. Bí ìda tí mo bá lò kò bá dára, ó bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí òmíràn.

Ní ọjà Adja-Ouèrè, ọkùnrin kan tó ń ta àbẹ́là pọ̀ mọ́ oògùn eku gbé ìda kan fún mi, ó funfun bí ẹfun.

"Bàbá, ojúlówó ni. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀."

Lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ ní èdè Faransé. Mo pẹ́ kí n tó mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo kà á. Nílé, mo kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù bébà. Aró wọ ibi gbogbo. Ìda náà yọ́ sínú omi bí ẹ̀kọ.

Mo padà lọ bá a. Ojú kò tì í.

"Láàfún díẹ̀ ni mo pò mọ́ ọn kó lè pọ̀. Ṣebí ẹ̀kọ láàfún làwọn aláró fi ń ṣe àdìrẹ?"

"Aṣọ nìyẹn."

"Aṣọ àbí bébà, Bàbá, kí ló yàtọ̀? Ẹ ò ṣáà ní wọ̀ ọ́ lọ sóde."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mo fi ìda rẹ̀ sílẹ̀ láàárín oògùn eku. Ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Mo gun alùpùpù akérò lọ sí Massè, sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń gé oyin. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ó ń bu omi ṣúgà sí i. Tó bá fún oyin tán, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń da afárá tí ìda wà nínú rẹ̀ sí. Ó bá mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sórí ààtàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ebi ń pa yín ni?"

"Afárá ni mo fẹ́."

"Ìdọ̀tí yẹn? Ẹ kó o tán. Kí ẹ sì bá mi gbá ibẹ̀."

Mo kó o sínú àpò. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ojúlówó nílé rẹ̀, òun ló ń dà nù.

Mo se afárá náà nínú omi, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Nígbà tó tutù, ìda léfòó, ó pọ́n, ó sì ń rùn bí èéfín. Mo dán an wò. Aró kò wọ̀ ọ́.

Nígbà náà ni mo tó fọwọ́ kan bébà ìyàwó mi. Mo fi ìyẹ́ adìyẹ àti ìda gbígbóná tọ ipa pẹ́ńsù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì rì í sínú aró. Nígbà tí aró gbẹ, mo fi bébà ìròyìn bò ó, mo fi áyọ́ọ̀nù yọ́ ìda kúrò. Àwọn ẹyẹ rẹ̀ jáde ní funfun. Ìda kán sí abẹ́ ọ̀kan, ìyẹn wá di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó mi ì bá ti bú mi. Mo gbé e kọ́ sí ògiri yàrá bẹ́ẹ̀.