Ọ̀nà Ẹyẹ láti Ìbíadé dé Àgọ́-Ìwòyè

Ọjọ́ tí mo lọ ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Ọmọ mi, Ayọ̀mídé, pé oṣù mẹ́rin, ọmú nìkan ló sì ń mu. Mo wo ọ̀nà lórí fóònù, mo rí ìlà kan tó lọ tààrà láti Ìbíadé, mo sì ṣírò pé n óò padà kí ebi tó pa á. Mo gbé e fún màmá mi.

Ọkọ̀ rìn títí, mo fi ìlà orí fóònù náà han awakọ̀, mo sì bi í bóyá a ti fẹ́ dé. Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, a ò tíì dé Ìjẹ̀bú-Òde! Ọ̀nà ẹyẹ lẹ wò yẹn. Ṣé ẹ rí ìyẹ́ lára mọ́tò mi ni?”

Bí mo ṣe jáde ìdánwò ni màmá mi pè. Mo ń gbọ́ igbe ọmọ. “Kò gba ṣíbí o! Ibo lo wà?” Kí n tó fèsì, fóònù rẹ̀ kú. Títí mo fi délé, omi ọmú ń rin bùláòsì mi, omijé ń rin ojú mi.

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bá màmá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ ń fa ọmú rẹ̀ tó ti gbẹ tipẹ́.

“Mo kàn ń fi tàn án ni,” ó rọra wí. “Tètè gbà á kó tó mọ̀.”

Mo yege ìdánwò náà. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ní ibì kan ò jìnnà, mo máa ń bi í pé: “Fún ẹyẹ ni, àbí fún ìyá ọmọ?”